Àbẹ̀kẹ́, ta ló sọ fún ọ pé májèlé ni?

Ẹfọ̀n-Aláayè,
Ìpínlẹ̀ Èkìtì.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Mo pè ọ́ títí fóònù mi fi gbóná, o kò gbé e. Mo kọ́kọ́ rò pé iná ni kò sí l'Ádó. Ìgbà tí àbúrò rẹ wá ní òun rí ọ lórí WhatsApp ní òru, ó yé mi pé èmi gan-an ni o kò fẹ́ dá lóhùn. Kò burú. Ẹni tí kò gbé ìpè yóò ka ìwé. Awakọ̀ tó ń kó iṣu wa lọ sí Ọjà Ọba ni mo fi rán, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ títí o fi máa gbà á.

Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́. Àbúrò rẹ ní kí n máa sọ ọ́ kí òun máa tẹ̀ ẹ́, mo ní rárá, ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí n kò fẹ́ kó gbọ́. Bí ìlà bá wọ́, fara dà á. Ojú mi kò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ìwé Modern tí mo kà náà sì ti pẹ́.

Mo gbọ́ pé ahun kú. Ó dùn mí. Ṣé o rò pé kò ní dùn mí ni? Ahun tó ń gba abẹ́ àga mi kọjá nílé ìdáná láti ìgbà tí o ṣì wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó máa ń forí kan ilẹ̀kùn láàárọ̀, kọ́ọ̀, kọ́ọ̀, kí n tó ṣí i fún un. Bí ọmọdé bá fọwọ́ kàn án lẹ́yìn, apá ẹ̀yìn igbá rẹ̀ á tẹ̀ wálẹ̀ bí ìdérí àpótí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti ìrù á wọlé, ó parí. Ahun igbó tiwa nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ńláńlá tí wọ́n ń gbé wá láti Òkè Ọya kì í pa ìdí dé. Wọ́n ní o kò jẹun, pé o ń sunkún nínú yàrá. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Èmi kò ní bá wọn rẹ́rìn-ín pé ahun lásán ni. Mo mọ ẹni tó fún ọ.

Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ọ pé májèlé ni?

Ọmọbìnrin tí mo mú wá fún ọ láti Ìkògòsì, ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó dé bá mi níbí ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun pẹ̀lú àpò Ghana-must-go kan. Okùn sálúbàtà rẹ̀ kan ti já, ó fi ọ̀rá dì í. Awakọ̀ ní ó sunkún láti Ìyìn títí dé Ìtawúrẹ́. Mo gúnyán, kò fọwọ́ kàn án. Ohun kan ṣoṣo ló ń sọ: "Mi ò fún un ní nǹkan kan, Yèyé. Mi ò fún un ní nǹkan kan." Èmi náà ti mọ ohun tó ń wí, nítorí ìyá ẹlẹ́po tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jà ti fi hàn mí ní ọ̀sán. O gbé àwòrán ọmọ ọlọ́mọ sórí status WhatsApp rẹ, o kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí gbogbo ayé ṣọ́ra fún un, onímájèlé ni. Ọmọ ọdún 17! Àbẹ̀kẹ́! Ṣé bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn?

Má sọ fún mi pé wákàtí 24 lásán ló ń lò níbẹ̀ kó tó pa rẹ́. Àbúrò rẹ ti là mí lóye. Ìyá ẹlẹ́po kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ, kì í ṣe ará Adó, òun ló fi hàn mí. Ìwọ ṣírò ẹni tó ti tọ́jú rẹ̀ pamọ́.

Ẹ̀rù ń bà mí, kì í sì í ṣe nítorí ahun. Orúkọ yẹn ni. Ẹni tí wọ́n bá pè ní olè lè dá owó padà. Ẹni tí wọ́n pè ní onímájèlé, kí ni yóò dá padà? Lọ́la, inú yóò run ọmọ kan ní ilé tó bá wọ̀, wọn yóò ní òun ni. Ó máa lọ́kọ, ìyá ọkọ kò ní jẹ ọbẹ̀ rẹ̀. Mo ti rí i rí.

Kí n tó gbàgbé, páànù ẹ̀yìn ilé tí ìjì ká, wọ́n ti kàn án. Owó tí o ní o máa fi ránṣẹ́ fún un, n kò béèrè, mo kàn ń sọ pé wọ́n ti kàn án. Iṣu tuntun ti dé ọjà, kò sì tíì ṣeé gún. Ìyá Àlàdúrà ẹ̀gbẹ́ wa ń kí ọ, ẹsẹ̀ ṣì ń dùn ún.

Wọ́n ní o ní ẹ̀rí. Mo bi ọmọ náà, kò fi pamọ́ fún mi. Ó ní lóòótọ́, ní ọjọ́ Ìsinmi, bí òun ti ń fọ ìgbẹ́ ahun kúrò lórí táìlì, òun sọ pé "ahun yìí ì bá tilẹ̀ kú kí n sinmi." Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ bá a nílẹ̀, ọrùn rẹ̀ na jáde, kò mira. Ẹ̀rí rẹ nìyẹn? Èmi tí mo ń ṣépè fún ewúrẹ́ tó ń jẹ ẹ̀fọ́ mi lójoojúmọ́, ṣebí wọ́n ṣì ń bímọ. Mo mọ òwe tó wà lẹ́nu rẹ: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? N kò fẹ́ gbọ́ ọ. Òwe yẹn ti gbé mi dé ibi tí n kò fẹ́ kó gbé ọ dé.

Mo lọ bá dókítà ẹran tó ń wá gún ewúrẹ́ wa lábẹ́rẹ́. Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé òkú rẹ̀ dà. Mo ní ẹ ti sin ín lẹ́yìn fẹ́ńsì láàárọ̀ ọjọ́ kan náà. Ó mi orí. Ó ní ńṣe ló yẹ kí ẹ fi ọ̀rá wé e, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì, kì í ṣe ibi tó ń di yìnyín o, kí ẹ sì tètè gbé e lọ bá dókítà kí inú rẹ̀ tó rà, kó là á, kó wo ẹ̀dọ̀fóró, kó wo ẹ̀dọ̀, kó wo ohun tó wà nínú àpòlúkù. Nígbà náà ni ènìyàn lè sọ pé báyìí ló ṣe kú. Èyí tó ti wà nílẹ̀, ó ní kí n má tan ara mi jẹ. Nítorí náà, ohun tí dókítà kò lè mọ̀ mọ́, báwo ni ìwọ ṣe mọ̀ ọ́n, tí o sì mọ ẹni tó ṣe é?

Ó ní ikú òjijì kò wọ́pọ̀ lára ahun bí a ti rò. Ẹranko tó bá ṣàárẹ̀ nínú igbó, àwọn tó ń pa á jẹ ló máa rí i, ìyẹn ni ahun fi máa ń fi àìsàn pamọ́ títí agbára fi máa tán. Ó lè ti máa ṣàìsàn fún oṣù mélòó kan, kó ṣì máa rìn, kó ṣì máa jẹun, kó wá kú lọ́jọ́ kan tí gbogbo ilé ní "àná ló jẹ ìbẹ́pẹ." Ó bi mí pé ṣé imú rẹ̀ ń ṣomi? Ṣé ó ń hó ní imú? Ṣé ó ń la ẹnu mí? Nítorí bí òtútù bá mú ahun ní àyà, kò lè wúkọ́ bíi tiwa, kò ní iṣan tí àwa fi ń ti ikọ́ jáde. Ohun tó bá dé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ibẹ̀ ló máa wà. Mo padà dé ilé, mo bi ọmọ náà láìsọ ohun tí dókítà wí. Ó ní láti ìgbà ọyẹ́ ni imú rẹ̀ ti ń hó, pé òun sọ fún ọ, o sì ní omi tó mu ni. N kò sí níbẹ̀. N kò sọ pé òótọ́ ni. Ìwọ ló mọ̀.

Ó tún bi mí ní oúnjẹ. Mo ní búrẹ́dì, ìrẹsì, àwọn ọmọ a máa fún un ní bisikíìtì. Ojú tì mí bí mo ti ń kà wọ́n. Ahun igbó, olú ló ń jẹ, ìgbín, ekòló, kòkòrò, èso tó já bọ́ sábẹ́ igi, ewé. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ mi, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná ló ń gbé, nínú ewé tó tutù. Ìwọ gbé e lọ sí àgbàlá tó jẹ́ sìmẹ́ǹtì láti géètì dé kànga. Oòrùn ọ̀sán l'Ádó lórí sìmẹ́ǹtì, èmi alára kò lè fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́.

Àti oògùn koríko tí onílé yín ní kí wọ́n fọ́n sí ìdí fẹ́ńsì ńkọ́? Ìwọ lo sọ fún mi lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú pé òórùn rẹ̀ fẹ́ pa yín. Ṣé ahun kò jẹ koríko níbẹ̀? Hẹn-ẹn. N kò wí pé kí o lọ gbé àwòrán onílé náà síbẹ̀ o! Mo mọ̀ ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi tètè ń sọ ọ́.

Eléyìí á pa ọ́ lẹ́rìn-ín díẹ̀. Dókítà bi mí pé akọ ni àbí abo. Mo ní akọ ni, Bàbá Ahun la ń pè é. Ó ní ṣé ẹ ti yí i padà wò? Pé igbá àyà akọ máa ń jin wọnú, ìrù rẹ̀ sì máa ń gùn. Ti abo á tẹ́ pẹrẹsẹ, ìrù á kúrú. Àbẹ̀kẹ́, láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa, kò sẹ́ni tó wo àyà rẹ̀ rí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Ìyá Ahun la ń kí ní bàbá. Bó bá sì jẹ́ abo, ó lè lóyún ẹyin láìrí akọ, bí kò bá sì rí ilẹ̀ rírọ̀ tí yóò gbẹ́ láti yé e sí, ẹyin lè há sí i nínú kó pa á. Ilẹ̀ rírọ̀ wo ló wà ní àgbàlá rẹ?

Ó sì lè jẹ́ pé ọjọ́ ogbó ló dé. Ó ti dàgbà kí wọ́n tó rí i lóko, a kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ìlà ẹ̀yìn rẹ̀ kì í sì í sọ ọ́ tààrà. Alàgbà, ahun ààfin Ṣọ̀ún ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣebí oṣù kẹwàá 2019 ni òun náà lọ. Ààfin ní 344 ọdún ló lò láyé, àwọn onímọ̀ ẹranko ní kò lè tó bẹ́ẹ̀ láéláé, ìjà tiwọn nìyẹn. Àìsàn ráńpẹ́ ló ṣe é, tòun ti ọlá ààfin, tòun ti àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. N kò gbọ́ pé wọ́n lé ẹnikẹ́ni jáde ní tìtorí rẹ̀, n kò gbọ́ pé wọ́n ní ẹnì kan bu nǹkan sí i lóúnjẹ.

Mo ti kọ ọ̀rọ̀ ahun tó. Èyí tí mo lé àbúrò rẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sí nìyí.

Nígbà tí o wà ní kékeré, o máa ń bi mí pé kí ló dé tí Ìyá Ọ̀tùn, orogún mi, fi kó lọ. Mo máa ń sọ pé òwò ló gbé e lọ. Kì í ṣe òwò.

Mo ń sin adìẹ nígbà náà. Adìẹ ìbílẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀, owó ẹyin wọn ló wà nínú ìwé àti aṣọ ilé-ìwé yín. Ọyẹ́ mú lọ́dún yẹn, ètè gbogbo wa là. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo ṣí ilé adìẹ, mo bá wọn nílẹ̀. Àwọn kan ti gan. Àwọn kan ń yí ọrùn, orí wọn kọ sẹ́yìn, wọ́n ń pòòyì lójú kan, ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé ti lẹ̀ mọ́ wọn nídìí. Àkùkọ ńlá yẹn ló kẹ́yìn wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, wọ́n ti jẹ àgbàdo tí Ìyá Ọ̀tùn sá, ó sì kígbe lé wọn pé "ẹ ó rí i, adìẹ yìí, ẹ ó rí i." Gbogbo agbo ilé ló gbọ́. Mo já gèlè mi, mo fi di ìdí, mo dúró lágbàlá, mo pa òwe àjẹ́ yẹn fún un lójú bàbá rẹ àti àwọn ìyàwó ilé. Mo pè é ní onímájèlé. Mo ní adìẹ ló fi dán an wò, àwọn ọmọ mi ló kàn.

Bàbá rẹ dákẹ́. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé rárá.

Kí oṣù tó parí, Ìyá Ọ̀tùn di ẹrù. Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin, ọmọ rẹ̀, tó gbé ahun wá láti oko kòkó, fẹ́ gbé ahun rẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ ní kó gbé e kalẹ̀, kí wọ́n má baà tún gbọ́ pé àwọn jí ahun. Ọmọ náà bá gbé e lé ọ lọ́wọ́. Bí ahun ṣe di tìrẹ nìyẹn. Èmi ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

Ní ọdún kejì, kí ọyẹ́ tó dé, àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba kó àwa obìnrin jọ. Wọ́n ṣàlàyé lúkúlúkú fún wa: àìsàn tó máa ń jà lásìkò ọyẹ́, tó ń yí adìẹ lọ́rùn, tó ń mú kí wọ́n ya ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé, tó lè gbá gbogbo wọn lọ kí èèyàn tó mọ̀. Wọ́n wá ń kán oògùn rẹ̀ sí adìẹ lójú, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Gbogbo obìnrin tó jókòó níbẹ̀ ló mọ ohun tí mo ti sọ, kò sí èyí tó bojú wò mí. Mo mú adìẹ tuntun mi síwájú, wọ́n kán an fún un, mo lọ sílé.

Ọ̀tùn tí obìnrin náà padà sí kò kúrò ní Èkìtì. Mo ní lẹ́yìn ìkórè, n ó lọ. Mo ní lẹ́yìn Kérésì. Obìnrin náà kú kí n tó lọ. Ará Ọ̀tùn kan tó wá ra èlùbọ́ lọ́wọ́ mi ló sọ fún mi, kò mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Ó ní ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, àfi pé wọn kì í jẹ́ kó bá wọn dáná níbi ìnáwó, ọ̀rọ̀ kan ló bá a wá láti ilé ọkọ. Mo wọn èlùbọ́ fún un, mo gba owó.

Ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà mí nìyẹn. Má jẹ́ kí n tún tún un sọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí, má sì dúró de ọkọ rẹ kó tó dé láti ibi iṣẹ́. Ibi tí o ti kọ ti àkọ́kọ́, ibẹ̀ náà ni kí o ti kọ ọ́ pé o kò mọ ohun tó pa ahun, pé ọmọ yẹn kò ṣe nǹkan kan tí o rí. Má kọ pé o dárí jì í. Ó ṣe kí ni? Lẹ́yìn náà, pe nọ́ńbà mi, kí o ní kí n fún un ní fóònù, kí o bá a sọ̀rọ̀ fúnra rẹ. Bó bá dákẹ́, kí ìwọ náà má gé ìpè. N kò ní fi ipá dá a padà sí ọ̀dọ̀ rẹ, bó bá tilẹ̀ ní òun fẹ́. Yóò wà lọ́dọ̀ mi títí yóò fi ṣe ìdánwò WAEC rẹ̀. Owó oṣù rẹ̀ tó kù lọ́wọ́ rẹ, san án pé, má yọ nǹkan kan nínú rẹ̀ fún abọ́ tó fọ́.

Ó ku ẹ̀gbọ́n rẹ. Ẹnì kan ní ó wà ní Ìkọ̀lé, ó ń ṣe kápẹ́ńtà, wọ́n sì ti bá mi rí nọ́ńbà rẹ̀. N kò tíì pè é. Ẹnì kan ní láti sọ fún un pé ahun rẹ̀ kú, mo sì rò pé èmi ló yẹ, kì í ṣe ìwọ. Bí o bá gbọ́ pé mo lọ sí Ìkọ̀lé, má bi àbúrò rẹ léèrè ìdí.

Jẹun. Ọmọ tó ń mu ọmú ò bá ọ gbààwẹ̀.

Aṣọ ọmọ náà kan wà lórí okùn lẹ́yìn ilé yín, aláwọ̀ búlúù, bọ́tìnnì kan ti já lára rẹ̀. Ká a, kí o fi rán awakọ̀. Fún un lómi mu, ọ̀nà jìn. Iṣu tó wà nínú àpò funfun ni tìrẹ, èlùbọ́ inú àpò pupa ti ìyá ọkọ rẹ ni, má tú u.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.